Ilẹ̀ tí díísù mu ní Kábà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọdún kan

Ilé-iṣẹ́ pákó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà tó jáde láti Kábà lọ sí ìhà Ìyàrà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú níbẹ̀ kí ayùn tó dákẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló rà á láti fi kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níwájú. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ló gbé iṣẹ́ ìpìlẹ̀ lé lọ́wọ́. Ohun tí mo ń kọ sínú ìwé kékeré mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo tò síhìn-ín. Nígbà tí mo ń wá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, n kò rí ohun kan kà ní èdè tí bíríkìlà mi gbọ́.

Oṣù Bélú

Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ló ń fún ayùn níná. Wọ́n ti gbé e lọ, ó ku pèpéle kọnkéré tí wọ́n gbé e kà. Ilẹ̀ tó yí pèpéle náà ká dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí lébìrà ṣe sọ díígà sí i báyìí, òórùn díísù gbà wá nímú. Kì í sì í ṣe díísù nìkan. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́m tí wọ́n ń tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbẹ́ pèpéle níbẹ̀ náà ni wọ́n ń dà á sí.

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò kéékèèké káàkiri, mítà méjì síra wọn, títí tí òórùn náà yóò fi tán. Mo bu ilẹ̀ láti inú kòtò kọ̀ọ̀kan sínú ìgò jáàmù, mo bu omi sí i, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀. Níbi tí ọ́ìlì bá wà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláràbarà á léfòó sójú omi. Níbi tí kò bá sí, omi náà á kàn rú bí omi ẹrẹ̀, á sì tòrò. Ìgò ogún ni mo tò sórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mo ti lè fi okùn àti èèkàn yí ibi tí ó bàjẹ́ ká: mítà 8 ní gígùn, 5 ní ìbú. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀pa líle sì dá a dúró. Lábẹ́ pèpéle gan-an ló ti rí ojú sísán kan gbà, ó wọlẹ̀ tó mítà kan ó lé díẹ̀.

Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 24, ìyẹn tọ́ọ̀nù 40. Típà kékeré mẹ́jọ.

Kànga ló bà mí lẹ́rù jù. Ilẹ̀ wa ní Kábà, àpáta ló wà nísàlẹ̀, kò jìnnà. Omi tí kànga wa ń mú, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lókè àpáta ni ó dúró sí, ohun tí a bá dà sílẹ̀ kì í rìn jìnnà kó tó kan án. Kànga kan wà ní mítà 22 sí pèpéle náà, ní ìsàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀. Mo lọ kí ìyá tó ni ín. «Òkun o, ọmọ mi,» ó ní kí n jókòó. Mo bi í bóyá omi rẹ̀ ń rùn. Ó ní kò rùn, àmọ́ láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ju dọ̀rọ̀ sí i, nǹkan kan máa ń tàn lójú omi náà bí òṣùmàrè.

Ọkàn mi kọ́kọ́ domi. A bu omi náà sínú báàfù funfun, mo mú ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan, mo fi rú ojú rẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń tàn yẹn fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ègé kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọn kò padà lẹ̀ mọ́ra. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ni, á yí tẹ̀lé ọ̀pá, lẹ́yìn náà á padà so pọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ò kàn án. Irin inú ilẹ̀ pupa wa, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tó ń gbé inú rẹ̀, ló máa ń yọ irú ìpẹ́ yẹn. Síbẹ̀ mo bẹ ìyá náà kó má mu ún títí tí láàbù yóò fi dáhùn, Màmá sì ń rán omi táǹkì sí i. Mo gbé omi kànga àti ilẹ̀ lọ sí láàbù kan ní Ìlọrin, nínú ìgò gíláàsì, kì í ṣe nínú ike, nítorí ike a máa fa ọ́ìlì mọ́ra. Mo kó yìnyín yí wọn ká nínú kúlà.

Ọjọ́ tó ṣáájú kí n tó lọ ni ohun kejì yọjú. Ọmọ lébìrà kan hú irin pẹlẹbẹ kan jáde lẹ́yìn ilé ayùn, ó rí bí asẹ́, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Bàbá àgbà kan tó ti bá wọn ti ayùn nígbà náà wá sọ fún wa pé ibẹ̀ ni rẹ́wáyà ti máa ń fọ́ bátìrì lọ́rì tó ti kú. Wọ́n á da omi kíkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yọ òjé rẹ̀, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń dà á fún apẹja Lọ́kọ́ja láti fi mú àwọ̀n rì nínú Odò Ọya.

Mo dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ yẹn.

Òjé kì í ṣe ẹgbẹ́ díísù. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta tó ní òjé nínú láàárín agboolé, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ibi tí rẹ́wáyà ń fọ́ bátìrì sí yìí, inú àwòrán ilé tí Màmá yà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti máa ti ọkọ̀ ìṣeré wọn nínú yanrìn.

Oṣù Ọ̀pẹ

Èsì láàbù dé. Omi kànga mọ́, kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pèpéle ní ọ́ìlì tó tó mílígíráàmù 18,000 nínú kílò kan. Mo ṣírò rẹ̀ fún Màmá lọ́nà tó fi máa yé e: nínú tọ́ọ̀nù 40 yẹn, bí ìgbà tí àgbá ọ́ìlì mẹ́rin dúró sínú ilẹ̀ ni. Ìlànà EGASPIN tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún iṣẹ́ epo rọ̀bì sọ pé ó di dandan láti tún ilẹ̀ ṣe tí ó bá ti kọjá 5,000, ibi tí wọ́n sì fẹ́ kó padà sí ni 50. Ilé-iṣẹ́ epo kọ́ ni wá, ṣùgbọ́n òun ni òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀, òun náà ni mo fi wọn tiwa.

Ní ìdí bátìrì, sẹ̀ǹtímítà 15 àkọ́kọ́ ní òjé mílígíráàmù 6,200 nínú kílò kan. Èyí tó tẹ̀lé e, 850. Nígbà tí a dé 45, ó ti já sí 95. Òjé kì í yá láti wọlẹ̀, amọ̀ máa ń dì í mú.

Ìgbà tó ku ibi tí a ó kó o lọ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ló kọ́kọ́ wá bá wa fúnra rẹ̀. Onítípà kan ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀, a ò ní san kọ́bọ̀. Ẹnì kan ń kọ́lé lẹ́yìn ìlú, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò fi kún ìpìlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti kọ́lé rí ní Kábà mọ bí ilẹ̀ àkúnlẹ̀ ṣe wọ́n tó. Màmá wo ojú mi. Mo ní, «Màmá, ilé tí wọ́n ń kọ́ yẹn, kànga máa wà níbẹ̀.» Kò tún bi mí mọ́. Onítípà náà tún padà wá pé tí a bá fún òun lówó díẹ̀, òun mọ àfonífojì kan tí òun lè dà á sí lóru.

Ìtàn Kókó ni mo fi dá a lóhùn. Ní 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró bíi tọ́ọ̀nù 4,000 láti Ítálì wá sínú àgbàlá ọkùnrin kan ní Kókó, ìlú kékeré kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Wọ́n padà kó o kúrò, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin nọ́ńbà 42, tó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá da ìdọ̀tí olóró sórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn ni ọkùnrin tó ni àgbàlá. Owó ilé ni wọ́n sọ fún un pé àwọn ń san. Ẹni tó ń kún ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ìlú kò yàtọ̀ sí i.

Àwọn kan ní ká da kẹrosíìnì sí i ká sun ún. Èyí tó fúyẹ́ nínú ọ́ìlì ni yóò jó, èyí tó ki á di èédú mọ́ ilẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì wọ yàrá ìyá oníkànga. Bíríkìlà mi ní ká kàn da kọnkéré bò ó. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú níbòmíràn, ṣùgbọ́n ojú sísán tó wà lábẹ́ pèpéle kò jẹ́ kí n lè gbà á. Omi òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀, kì í ṣe òkè nìkan, kànga sì wà nísàlẹ̀.

Mo ro ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbàjànà náà dáadáa, nítorí ìhà tiwa níbí ni. Ààrò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì máa ń gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi irú ààrò bẹ́ẹ̀ sun ilẹ̀ tí ọ́ìlì bà jẹ́, ọ́ìlì á jó tán, ilẹ̀ tó kù á di ara sìmẹ́ńtì. Àmọ́ iṣẹ́ onítọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ nìyẹn, tó nílò ìwé àṣẹ àti àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Típà mẹ́jọ kò tó ohun tí à ń kan ilẹ̀kùn yẹn sí. N kò kọ̀wé rárá.

Ohun tí a yàn fún ilẹ̀ ọ́ìlì ni pé kò ní lọ síbìkankan. Ọ́ìlì, oúnjẹ ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó ti wà nínú ilẹ̀ wa kí ilé-iṣẹ́ pákó tó dé, lè jẹ ẹ́ títí yóò fi tán. Ohun tí wọn kò rí lábẹ́ pèpéle ni afẹ́fẹ́, omi tó ṣe déédéé, àti ajílẹ̀. Tí a bá tẹ́ ilẹ̀ náà síta, tí a ń yí i, tí a ń bomi rin ín, tí a da ìgbẹ́ adìẹ sí i, á jẹrà. Lẹ́búlẹ́bú pákó á jẹ́ kó tú, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ìyẹn sì ti wà nílẹ̀ lókìtì lókìtì, ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó gba oṣù púpọ̀, ó sì gba ilẹ̀ gbalasa. A ní méjèèjì, nítorí Màmá ti sún kíkọ́ ilé síwájú.

Òjé kò gba irú èyí. Kì í jẹrà, kì í jó, kò sí kòkòrò tó lè jẹ ẹ́. Ibi tí a bá gbé e sí ni yóò wà nígbà tí ọmọ ọmọ wa bá dé. Mo ka bí wọ́n ti ṣe é ní Zamfara: ilẹ̀ tí òjé rẹ̀ bá kọjá 1,000, wọ́n hú u lọ, èyí tó wà láàárín 400 sí 1,000, wọ́n da ilẹ̀ mímọ́ bò ó. Mo ka ti eegun náà: fọ́sífétì inú eegun màlúù tí a sun tí a sì lọ̀ máa ń so mọ́ òjé, á di ohun tí omi kò lè yọ́ mọ́. Ó dára fún oko. Ṣùgbọ́n òjé yẹn ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta sì máa ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹnu. Mo sọ fún Màmá pé ilẹ̀ tí òjé rẹ̀ ju 400 lọ ni ká hú, gbogbo rẹ̀, ká dì í sínú àgbá, ká sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, láti wá gbé e. Owó àgbá wọ̀nyí ju owó gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Màmá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ká yọ ṣọ́ọ̀bù kan kúrò nínú mẹ́ta.

Nínú gbogbo ìpinnu oṣù yẹn, ọ̀kan wà tí mo fi bíírò pupa kọ: kí ilẹ̀ méjèèjì má pàdé. Wílìbárò kan láti ìdí bátìrì, tó bá ṣèèṣì bọ́ sórí òkìtì ọ́ìlì, á sọ tọ́ọ̀nù 40 di ilẹ̀ òjé tí kò ní wò sàn láéláé. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ parí ti òjé, tí a fọ gbogbo ṣọ́bìrì, tí a sì kun wílìbárò tó ṣe é ní ọ̀dà pupa.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an. Eruku ni ọ̀tá wa ní ìdí bátìrì, nítorí náà a ń wọ́n omi sí i kí a tó gbẹ́. Ìbòmú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, réènbúùtù. Àwọn mẹ́ta péré ló ṣe é, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jẹun tàbí fa sìgá nítòsí. Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń kó aṣọ náà sínú báàfù ọ̀tọ̀ fọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ru òjé lọ bá ọmọ nílé. Mítà 3 sí 2, ó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Àgbá mọ́kànlá ló kún. A da láìmù tí àgbẹ̀ ń lò sí ìsàlẹ̀ kòtò láti pa kíkan ásíìdì, a sì fi ilẹ̀pa mímọ́ dí i. Ọkọ̀ wá gbé àgbá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo dúró ka mọ́kànlá nígbà tí wọ́n ń gbé wọn sókè, mo sì gba ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la tẹ́ ọ̀rá dúdú nípọn sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mítà 12 sí 10, a fi amọ̀ mọ ògiri kúkúrú yí i ká. A hú ilẹ̀ ọ́ìlì, a tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, kò nípọn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó, ìgbẹ́ adìẹ àpò 25, ajílẹ̀ NPK àpò kan, tí a pín sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nítorí tí ajílẹ̀ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ inú rẹ̀ á pa àwọn kòkòrò tí à ń bọ́.

Oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà

Ọkọ́ ni a fi ń yí i, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Omi ló ń yọ wá lẹ́nu, ilẹ̀ gbẹ bí ẹ̀kúrọ́. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo máa fún un. Tó bá di kókó lọ́wọ́ mi láìkán omi, ó tó. Tó bá tú ká, ó ń fẹ́ omi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ilẹ̀ ààtàn. Wọ́n ti ń jẹun.

Oṣù Igbe

Àṣìṣe mi rèé. Mo gbé òkìtì náà sí apá ìsàlẹ̀ ọgbà nítorí ibẹ̀ ló tẹ́jú, n kò ronú ibi tí omi orí òrùlé ilé ayùn ń gbà. Òjò ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní òru, omi òrùlé dà sínú ọgbà, ó bo ògiri amọ̀ mọ́lẹ̀ ní igun kan. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, omi dúdú ti ṣàn bíi mítà mẹ́fà, ó dorí kọ ìhà kànga. A fi àpò yanrìn dí i, a hú ilẹ̀ tó ṣàn yẹn padà sórí òkìtì, mo sì mú omi kànga lọ sí láàbù lẹ́ẹ̀kejì. Kò kàn án. Lọ́jọ́ yẹn gan-an la gbẹ́ kòtò omi yí òkìtì ká lókè, tí a ta tapólì bò ó. Ó yẹ kí méjèèjì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Oṣù Òkúdu sí Ọ̀wàrà

Èsì Òkúdu: 4,100. Onítọ̀hún tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ dúró lè dá a dúró níbẹ̀, nítorí ó ti wálẹ̀ ju 5,000. Mo ní ká máa yí i lọ. Mo gbin ẹ̀wà ogún sínú ilẹ̀ òkìtì, ogún sínú ilẹ̀ mímọ́. Ti ilẹ̀ mímọ́ hù méjìdínlógún. Tiwa hù mẹ́fà, ewé wọn pọ́n létí.

Ní Ọ̀wàrà, láàbù ní 900. Ohun tó ṣẹ́kù, èyí tó ki nínú ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́m ni, òun kì í tètè jẹrà. Ẹ̀wà hù mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀ n kò jẹ́ kí ṣọ́bìrì kan nínú rẹ̀ dé ibi tí ọmọ yóò ti ṣeré. Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tó wà lókè, lójú títì, la kó o sí, ó ga ju ibi tí omi ń dé lọ, ọ̀rá wà lábẹ́ rẹ̀, kọnkéré wà lórí. Mo ya àwòrán ibi tó wà, mo fún Màmá kó fi sínú ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá wó ṣọ́ọ̀bù náà lọ́la mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a da kọnkéré, ìyá oníkànga ránṣẹ́ pè mí pé nǹkan yẹn tún ń tàn lójú omi òun. Mo mú ọ̀pá lọ, mo fi rú u. Ó fọ́ wẹ́wẹ́.